Òtútù ti wọlé: kí ni kí n ṣe sí ọgbà àti àgbàlá, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Onílé_Tuntun
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ọlọ́gbà. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀ yìí ní àgbàlá tó fẹ̀: koríko níwájú, igi ápù méjì lẹ́yìn, rósì lẹ́bàá ògiri, àwọn igi tí ewé wọn kì í wọ́ tí wọ́n gbìn yí ilé ká, àti ìkòkò amọ̀ ńláńlá tí onílé àná fi sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ìrì dídì ti bo koríko. Aládùúgbò mi lápá ọ̀tún ní kí n gé gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n gbá gbogbo ewé dànù, kí n sì gbàgbé ọgbà títí di ìgbà ìrúwé. Ti apá òsì ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi tí mo wà láàárín ńkọ́? Kí ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ gbà mí o, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ráyè.

Ìyá_Ọlọ́gbà
Ẹ káàbọ̀ sáàárín wa. Àwọn aládùúgbò yín méjèèjì ló mọ apá kan. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́jú ọgbà lásìkò yìí ni pé kó máa ro ti omi kó tó ro ti òtútù. Igi tó bá bá ojú ọjọ́ ibi tí ẹ wà mu mọ bó ṣe ń sùn. Èyí tó bá kú lójú oorun, lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí omi mu ni, tàbí kẹ̀ omi dì níbi tí kò yẹ kó ti dì.

Ẹ wo àwọn igi tó yí ilé yín ká. Ewé wọn ò wọ́, nítorí náà oòrùn àti afẹ́fẹ́ á máa fa omi jáde lára wọn jálẹ̀ ìgbà òtútù. Bí ilẹ̀ bá wá dì gbagidi, gbòǹgbò ò ní rí omi fà dípò èyí tó lọ. Ewé á gbẹ, á pọ́n, pàápàá lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, onílé á sì máa bú òtútù. Ẹ bomi rin wọn yó kí ilẹ̀ tó dì, kí omi náà wọlẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Wíwọ́n omi sórí ewé ò ka nǹkan. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá láìsí òjò tàbí yìnyín, tí ilẹ̀ sì rọ̀ lọ́jọ́ kan tí oòrùn yọ, ẹ tún bu omi sí wọn nídìí lọ́sàn-án. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ́dún yìí ló nílò rẹ̀ jù, torí gbòǹgbò wọn ò tíì rìn jìnnà.

Ó tún kan ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà níta. Bí omi bá dì, ó máa ń fẹ̀ tó 9% ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí páìpù tó lè bá a du àyè. Ẹ ti omi náà pa láti inú ilé, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìta sílẹ̀ kí ìyókù jò tán, ẹ yọ rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ da omi inú rọ́bà náà nù, ẹ ká a wọlé. Rọ́bà tó bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ ń dá omi dúró sínú páìpù. Páìpù á bẹ́ nínú ògiri láìsí ẹni tó mọ̀, ó di ìgbà ìrúwé tí ẹ bá ṣí omi kí ẹ tó rí i pé ògiri ń sunkún.

Ìkòkò amọ̀ ńkọ́? Amọ̀ ń mu omi, omi náà á dì nínú ara rẹ̀, ìkòkò á sán. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ inú wọn jáde, ẹ gbé wọn sábẹ́ òrùlé, ẹ dojú wọn dé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ yìí ṣe. Ìyókù lè dúró.

Onílé_Tuntun
Ẹ ṣé gan-an mà. Rọ́bà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ń bọ̀.

Bàbá_Rósì
Mo kí gbogbo ilé. Ọmọ mi Onílé Tuntun, má gé rósì yẹn mọ́lẹ̀ o. Bí o bá gé igi nígbà tí ara rẹ̀ ò tíì sùn tán, ò ń jí i ni. Yóò fẹ́ rúwé, ewé tuntun náà ò sì ní lágbára kankan níwájú òtútù. Ẹ̀ka tó ga jù, tí afẹ́fẹ́ á máa fì síwá sẹ́yìn, nìkan ni kí o gé díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kó má bàa mi gbòǹgbò tú. Gígé gidi di ìgbẹ̀yìn òtútù, nígbà tí ìrùdí bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Bó bá jẹ́ irú rósì tí wọ́n lọ́ mọ́ gbòǹgbò mìíràn ni, wo ìsàlẹ̀ igi náà, wàá rí ibì kan tó wú. Ibẹ̀ ni òtútù ti lè pa á. Da iyẹ̀pẹ̀ tàbí ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa lé e kó ga tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Má ṣe ha iyẹ̀pẹ̀ náà láti ìdí rósì fúnra rẹ̀, wàá tú gbòǹgbò síta. Gbé e wá láti ibòmíì. Rósì inú igbó àti àwọn tó lágbára bíi tiwọn ò nílò gbogbo ìkẹ́ yìí.

Àmọ́ má kánjú. Dúró kí ìrì dídì tó le bọ́ léraléra kí o tó bò ó.

Ṣọ́bìrì_Kan
Ẹ dákun Bàbá, kí ló dé tí a ò fi ní bò ó báyìí? Ewé gbígbẹ wà nílẹ̀, ọwọ́ mi sì dilẹ̀ lónìí. Bí ilẹ̀ bá dì tán, ta ló tún fẹ́ jáde?

Bàbá_Rósì
Ìwọ náà ló máa jáde, àbúrò mi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé à ń bo ilẹ̀ kó lè móoru. Èrò wa ni pé kó dúró lójú kan. Ilẹ̀ tó bá ń dì lóru tó ń yọ́ lọ́sàn-án á máa wú, á sì máa sọ̀. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti ohun ọ̀gbìn sókè díẹ̀díẹ̀, títí gbòǹgbò á fi yọ síta tí afẹ́fẹ́ á sì gbẹ ẹ́. Àwọn tí wọ́n gbìn nígbà ìwọ́wé ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti dì, tí o wá fi ewé tàbí èèpo igi bò ó ní ìwọ̀n 5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, oòrùn ọ̀sán ò ní lè yọ́ ọ. Ó ti dì, kó máa dì lọ. Bí o bá bò ó ṣáájú, ilẹ̀ á pẹ́ kó tó tutù, ewéko ò ní tètè sùn, eku á sì ti rí ibùsùn kí òtútù tó dé.

Nǹkan kan wà tí à ń bò kí ilẹ̀ tó dì: kárọ́ọ̀tì àti irú wọn tí o fẹ́ máa wú díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù. Ìyẹn, o fẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ kí ṣọ́bìrì lè wọ̀ ọ́. Fi ewé bò ó kó ga tó orúnkún, kí o fi àmì sí i, torí pé yìnyín á bò ó, o ò ní mọ ibi tó wà mọ́.

Yìnyín tó bá bọ́ sórí gbogbo rẹ̀ tún dára sí i. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, kì í jẹ́ kí òtútù wọlẹ̀ jìn. Ọdún tí òtútù mú gan-an tí kò sì sí yìnyín ni kí o bẹ̀rù.

Ayùn_Mímú
Ẹ̀yin ẹ máa bo ilẹ̀, èmi ayùn ni tèmi. Ìgbà tí ewé bá wọ́ tán ni mo fẹ́ràn jù, torí gbogbo egungun igi hàn kedere. Onílé Tuntun, ẹ gé ápù yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ka tó ti kú, èyí tó lárùn, èyí tó ń fi ara gbo òmíràn, èyí tó kọjú sínú, gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà kun ojú ibi tí ẹ gé.

Ìyá_Ọlọ́gbà
Ayùn, mo bá ẹ gbà lórí ẹ̀ka tó yẹ kó lọ. N ò bá ẹ gbà lórí ìgbà, n ò sì bá ẹ gbà rárá lórí ọ̀dà.

Ápù àti píà, ìparí ìgbà òtútù ló dára jù láti gé wọn, nígbà tí òtútù tó le jù ti kọjá, ṣùgbọ́n kí ìrùdí tó là. Ojú ibi tí wọ́n gé láàárín òtútù gan-an lè kú sẹ́yìn. Àti pé bí òtútù ọdún náà bá pa àwọn ẹ̀ka kan, ẹni tó ti gé igi rẹ̀ ṣáájú ò ní ohun tó máa fi dí i. Kí ẹ má sì gé ju ìdá mẹ́rin igi náà lọ lọ́dún kan. Bó bá ti pẹ́ tí wọn ò ti tọ́jú rẹ̀, ẹ pín in sí ọdún mẹ́ta.

Plọ́ọ̀mù àti ṣẹ́rì ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Olú kan wà tó ń jẹ́ Chondrostereum purpureum. Ojú ọgbẹ́ ló máa ń gbà wọlé, ìgbà tí ojú ọjọ́ bá tutù tó sì rin ló máa ń tan ara rẹ̀ kálẹ̀ jù, ewé igi tó bá mú á máa dán bí fàdákà kó tó kú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gé àwọn ìyẹn, lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ.

Lórí ọ̀dà: Alex Shigo, onímọ̀ igi tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú U.S. Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó igbó, la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi sí méjì láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọgbẹ́ nínú wọn. Ohun tó rí ni pé igi kì í wo ọgbẹ́ sàn bí ara èèyàn ṣe ń ṣe. Ńṣe ló ń mọ ògiri yí i ká nínú ara rẹ̀, tó sì ń dàgbà kọjá rẹ̀. Ọ̀dà ò ràn án lọ́wọ́, ó tilẹ̀ lè há omi mọ́ ọgbẹ́ náà. Ibi tí ẹ ti gé e ló ṣe pàtàkì. Ẹ wo ibi tó wú díẹ̀ níbi tí ẹ̀ka ti so mọ́ ara igi. Ìta ibi wíwú yẹn gan-an ni ayùn máa gbà. Ẹ má gé e wọnú ara igi, ẹ má sì fi kùkùté sílẹ̀ bí ìkọ́ tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́.

Ayùn_Mímú
Mo gbọ́ mà. Ọ̀dà ti wọ inú àpótí padà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: bí ẹ̀ka bá wúwo, ẹ kọ́kọ́ la ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ níbi tó jìn sí ara igi tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wá gé e láti òkè níwájú ibẹ̀ díẹ̀. Bó bá jábọ́, kò ní bó èèpo igi wálẹ̀. Kùkùté tó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ wá fara balẹ̀ gé.

Onílé_Tuntun
Igi kéékèèké méjì kan tún wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní lilac ni ọ̀kan, hydrangea ni èkejì. Ṣé kí n gé àwọn náà nígbẹ̀yìn òtútù?

Bàbá_Rósì
Lilac, rárá. Forsythia àti azalea náà, rárá. Àtìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni wọ́n ti di òdòdó wọn sínú ìrùdí. Ẹni tó bá gé wọn nígbà òtútù ti gé òdòdó dànù, kò ní rí nǹkan kan lọ́dún náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tanná tán ni kí o gé wọn.

Hydrangea, ó kù sí irú èyí tó jẹ́. Èyí tí òdòdó rẹ̀ gùn ṣóńṣó àti èyí tó ń tan rògòdò funfun ńlá sábà máa ń tanná lórí ẹ̀ka tuntun, o lè gé wọn nígbẹ̀yìn òtútù. Èyí tó ń tan búlúù tàbí pínkì, tí ewé rẹ̀ nípọn tó sì ń dán, orí ẹ̀ka àtijọ́ ni tirẹ̀ wà. Fi òdòdó gbígbẹ rẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó ń dáàbò bo ìrùdí tó wà lábẹ́. Bí o ò bá dá a mọ̀, má gé e. Fi ọdún kan wò ó.

Ọ̀rẹ́_Oyin
Ẹ kú ìjíròrò o. Kò tíì sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó ní kí wọ́n gbá gbogbo ewé dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àwọn oyin kan wà tí kì í gbé inú afárá. Inú pòpòrò òdòdó tó ṣófo ni wọ́n máa ń yé ẹyin sí, inú rẹ̀ ni ọmọ wọn á wà títí ìgbà ìrúwé. Ìdin labalábá àti àwọn kòkòrò míì ń sùn lábẹ́ ewé. Irúgbìn tó kù lórí òdòdó gbígbẹ, ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ fi pòpòrò sílẹ̀ ní ìnàró. Nígbà ìrúwé, ẹ gé e kó ṣẹ́ kù ní nǹkan bí 30 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, kí oyin tuntun tún lè wọ inú rẹ̀.

Ṣọ́bìrì_Kan
Kí àgbàlá wá rí jákujàku fún oṣù mẹ́ta? Ìyàwó mi ò ní gbà.

Ọ̀rẹ́_Oyin
Iwájú ilé, ẹ gé ti ibẹ̀ kó mọ́. Ẹ̀yìn ilé, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ẹyẹ tó máa bi yín léèrè ìdí rẹ̀.

Ìyá_Ọlọ́gbà
Àbá dáadáa ni. Àmọ́ ewé tó bá lárùn gbọ́dọ̀ lọ. Ewé ápù tó ní èépá dúdú àti ewé rósì tó ní àmì dúdú ni àrùn yẹn máa fi sùn, tí yóò sì tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ gbá wọn kúrò nídìí igi, ẹ má sì dà wọ́n sórí ààtàn tí ẹ fi ń ṣe ajílẹ̀, àfi bí ààtàn yín bá ń gbóná gan-an.

Orí koríko náà, ewé ò gbọ́dọ̀ nípọn lé e, torí á fún un pa. Ẹ má tiẹ̀ gbá a. Ẹ ti ẹ̀rọ ìgékoríko kọjá lórí rẹ̀, á fọ́ wẹ́wẹ́, á jẹrà síbẹ̀. Ẹ gé koríko náà fúnra rẹ̀ kó ṣẹ́ kù tó 5 tàbí 6 sẹ̀ǹtímítà nígbà ìkẹyìn. Bó bá gùn jù, á wó lé ara rẹ̀ lábẹ́ yìnyín, á sì bu.

Ewé tó bá kù, ẹ kó o jọ sí igun kan, ẹ fi wáyà ká a mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ilẹ̀dú ló máa dà.

Ewé_Oko
Ẹ má tún máa rìn lórí koríko tí ìrì dídì wà lórí rẹ̀ láàárọ̀. Ó ti le, á ṣẹ́ lábẹ́ bàtà, ipa ẹsẹ̀ yín á wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ dúró kí oòrùn yọ́ ọ.

Ṣọ́bìrì_Kan
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí tó kàn mí gan-an. Yìnyín máa ń wó sórí àwọn igi kéékèèké níwájú ilé mi, wọ́n á tẹ̀ kanlẹ̀. Ṣé kí n máa gbọ̀n ọ́n? Iyọ̀ tí mo ń dà sójú ọ̀nà kí èèyàn má bàa yọ̀ ṣubú ńkọ́, ṣé ó ń pa wọ́n lára?

Ewé_Oko
Bó bá ṣì rọ̀, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ lù ú láti òkè, ẹ̀ka tó ti tẹ̀ á ṣẹ́. Bó bá ti di omi dídì mọ́ ẹ̀ka lára, ẹ fi í sílẹ̀ kó yọ́ fúnra rẹ̀. Igi tó tẹ̀ lónìí máa ń nàró bí ojú ọjọ́ bá móoru, àmọ́ èyí tí wọ́n bá fi agbára gbọ̀n á kán. Àwọn tó ga tó sì rí ṣóńṣó, ẹ lè fi okùn rírọ̀ dì wọ́n mọ́ra kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀.

Iyọ̀ ń pa wọ́n lára, ó sì ń pa ilẹ̀ lára pẹ̀lú. Ó ń gba omi lọ́wọ́ gbòǹgbò, sódíọ̀mù inú rẹ̀ sì ń ba ilẹ̀ jẹ́ débi tí á fi máa ki mọ́ra tí omi ò ní rí àyè kọjá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ -9°C. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fọ́n iyanrìn sí i kí ẹsẹ̀ lè mú ilẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ lo iyọ̀, ẹ fọ́n ọn díẹ̀, ẹ má sì kó yìnyín tó níyọ̀ jọ sídìí igi. Nígbà ìrúwé, ẹ da omi púpọ̀ sí ilẹ̀ etí ọ̀nà kó fọ iyọ̀ náà lọ sísàlẹ̀.

Ayùn_Mímú
Ẹnì kan mẹ́nu ba eku lókè, ẹ ò sì bá a lọ. Àwọn ápù wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá kéré, eku àti ehoro ni ọ̀tá wọn ju òtútù lọ. Eku á gba abẹ́ yìnyín, á jẹ èèpo igi yí ká. Bó bá ti yí po, igi náà ti kú, ẹ ò sì ní mọ̀ títí yìnyín á fi yọ́. Ẹ fi àwọ̀n onírin tí ojú rẹ̀ ò ju mílímítà 6 lọ yí ìdí igi ká, kó má fara kan èèpo, kó wọlẹ̀ díẹ̀. Ní ti gíga rẹ̀, ẹ ro yìnyín mọ́ ọn: ehoro á dúró lórí yìnyín, á máa jẹun lọ́kè. Kó ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà ju ibi tí yìnyín máa ń ga dé lọ. Ẹ tún fa ewé tí ẹ fi bo ilẹ̀ sẹ́yìn kúrò lára igi.

Ìyá_Ọlọ́gbà
Àti oòrùn o! Igi kékeré tí èèpo rẹ̀ tín-ín-rín, apá tí oòrùn ọ̀sán ń kọjú sí á gbóná, ara rẹ̀ á rò pé ilẹ̀ ti mọ́, òtútù òru á sì dé bá a lójijì. Èèpo ibẹ̀ á là gbàràgàdà. Aṣọ funfun tí wọ́n ń fi wé igi tó fún un. Nígbà ìrúwé, ẹ tú u, kí kòkòrò má bàa fi ṣe ilé.

Oní_Fàránńdà
Ẹ jọ̀wọ́, èmi ò ní àgbàlá, fàránńdà ni mo ní. Mo gbin lavender àti igi kékeré kan tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ sínú ìkòkò, mo tún ní ata kan tó so dáadáa lọ́dún yìí. Ṣé gbogbo wọn máa kú ni?

Ìyá_Ọlọ́gbà
Ẹ má fòyà. Gbòǹgbò kì í lè fara da òtútù tó bí ẹ̀ka ṣe ń fara dà á. Nínú ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń dáàbò bò ó. Nínú ìkòkò, òtútù ń gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọlé. Ẹ kó àwọn ìkòkò náà jọ mọ́ ara wọn lẹ́bàá ògiri, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ní lù wọ́n, ẹ gbé wọn kúrò lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ fi aṣọ àpò tàbí fóòmù wé ìkòkò náà. Ẹ fi ewé sílẹ̀ láìwé. Lavender kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi, ẹ rí i pé ihò ìdí ìkòkò ò dí.

Ata, ẹ gbé e wọlé lónìí. Ìrì dídì kan ṣoṣo ti tó láti pa á. Ata kì í kú lẹ́yìn ọdún kan bí òtútù ò bá bá a. Ẹ ká èso rẹ̀ tán, ẹ gé e kó ṣẹ́ ku ẹ̀ka mélòó kan, ẹ yẹ abẹ́ ewé tó kù wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí kò sì gbóná jù, nǹkan bí 10 sí 15°C. Omi díẹ̀díẹ̀. Á dà bíi pé ó ti fẹ́ kú, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn òdòdó inú ilé náà, ẹ dín omi wọn kù, torí ìmọ́lẹ̀ ti dín kù. Omi àmujù ló ń pa wọ́n lásìkò yìí.

Bàbá_Rósì
Ẹni tó bá ní dahlia, canna tàbí gladiolus nílẹ̀, àwọn òdòdó tí ìdí wọn máa ń ta bí iṣu, kó dúró kí ìrì dídì sọ ewé wọn di dúdú, kó wá wú wọn. Gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò, jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kó wọn sínú ẹ̀rún pákó tàbí iyanrìn níbi tó wà láàárín 4 sí 10°C. Máa yẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù. Èyí tó bá ń rà, yọ ọ́ kó tó ran àwọn tó kù. Èyí tó bá ń hunjọ, wọ́n omi díẹ̀ sí i. Túlíìpù àti áyù ní tiwọn ń fẹ́ òtútù. Túlíìpù tí òtútù ò bá mú fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í tanná dáadáa. Fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà.

Ṣọ́bìrì_Kan
Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Mo rí àwọn tó ń fi ọ̀rá bo kale àti spinach, tí wọ́n ń já a nínú yìnyín.

Ewé_Oko
Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Bí ojúmọmọ bá ti dín sí wákàtí 10, ẹ̀fọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dàgbà mọ́, bó ti wù kí ẹ bò ó tó. Ẹ rí i pé ó ti tóbi kí ọjọ́ yẹn tó dé. Láti ìgbà náà lọ, ńṣe ni ẹ kàn ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ sínú ilẹ̀, tí ẹ ń já a bó bá wù yín. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi bo ẹ̀fọ́, èyí tó nípọn nínú wọn, lè fi ìwọ̀n 2 sí 4°C kún un. Kale inú òtútù máa ń dùn sí i, torí ó ń sọ sítáàṣì ara rẹ̀ di ṣúgà kí omi inú rẹ̀ má bàa tètè dì. Bí ẹ bá fi dígí tàbí ọ̀rá bò ó, ẹ ṣí i díẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ, kó má lọ sè níbẹ̀.

Ayùn_Mímú
Irinṣẹ́! Ẹ ò rántí irinṣẹ́. Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, ẹ ha ìpẹtà rẹ̀, ẹ pọ́n ọn, ẹ fi òróró nù ún. Àlùmọ́gàjí tí ẹ fi ń gé igi, ẹ fi sípíríìtì nu ojú rẹ̀. Ẹ̀rùkọ́, ẹ fi òróró linseed pa á kó má là. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àkísà tí ẹ fi pa á o. Àkísà tó ní òróró linseed, bí ẹ bá rún un jọ sí igun kan, lè gbiná fúnra rẹ̀. Ìta ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí kó gbẹ.

Ẹ̀rọ ìgékoríko tó ń lo pẹtiróòlù, ẹ jẹ́ kó jó epo inú rẹ̀ tán, tàbí kí ẹ fi oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i, kí ẹ sì tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè dé gbogbo ara rẹ̀. Oníbátìrì, ẹ yọ bátìrì náà wọlé. Kó má kún fọ́fọ́, kó má sì tán. Bátìrì lithium tó tutù ju 0°C lọ, ẹ má gba iná sínú rẹ̀ títí á fi lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀rẹ́_Oyin
Iṣẹ́ tí à ń jókòó sórí àga ṣe ni èmi fẹ́ràn jù: irúgbìn. Ẹ kó gbogbo irúgbìn àtijọ́ jáde lálẹ́ kan. Ti àlùbọ́sà kì í pẹ́ ju ọdún kan tàbí méjì lọ, ti tòmátò lè lo ọdún mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ ká mẹ́wàá sínú bébà tútù, ẹ fi sínú ọ̀rá níbi tó móoru. Bí mẹ́fà bá hù, ẹ mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbìn ín nípọn díẹ̀. Àwọn òdòdó pápá bíi milkweed kì í fẹ́ hù bí òtútù ò bá kọ́kọ́ mú wọn. Inú ike tó lómìnira láti gba òjò, níta, láàárín yìnyín, ni kí ẹ gbìn wọ́n sí. Wọ́n á hù nígbà tí wọ́n bá rí i pé ó tó àkókò.

Ewé_Oko
Ẹni tó bá ní ẹja nínú odò kékeré: ẹ má fi nǹkan gbá omi dídì orí rẹ̀, ìgbì rẹ̀ ń pa ẹja lára. Ẹ gbé ìkòkò omi gbígbóná lé e kó yọ́ ihò kan. Bí omi bá ti tutù ju 10°C lọ, ẹ má fún wọn lóúnjẹ mọ́.

Onílé_Tuntun
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Rọ́bà ti wọlé, ẹnu ẹ̀rọ ti gbẹ, ìkòkò ti dojú dé nínú ilé ọkọ̀. Mo ti bomi rin àwọn igi yí ilé ká. Mo fi pòpòrò ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, mo sì ti gbá ewé ápù tó ní èépá kúrò. Àwọ̀n onírin di Sátidé tó ń bọ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Igi kan wà lẹ́bàá géètì tí n ò mọ orúkọ rẹ̀. Ewé rẹ̀ ti wọ́ tán, ìrùdí orí ẹ̀ka rẹ̀ tóbi tó orí àtàǹpàkò, ó sì ní irun lára. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ń dí ọ̀nà díẹ̀. Ṣé kí n gé e nígbẹ̀yìn òtútù?

Bàbá_Rósì
Magnolia ló jọ. Òdòdó ti wà nínú ìrùdí onírun yẹn. Fi okùn fa ẹ̀ka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má dí ọ̀nà, gé e lẹ́yìn tó bá tanná tán. Ya fọ́tò rẹ̀ síbí kí á rí i dájú.